Orílẹ̀-èdè etí òkun tí kò wáyé: Ìlọrin àti ààlà tó kọ̀ láti kúrò lójú kan

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn àwòrán ilẹ̀ kan ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn tó yà wọ́n fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, láti Èkó àti Ìlàjẹ létí òkun títí dé bèbè odò Ọya, wọ́n sì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè olómìnira lé e lórí. Ìlọrin kì í gbẹ́yìn nínú àwòrán wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣàlàyé bí Ìlọrin ṣe débẹ̀, nítorí àwọn tó yà wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò gba àlàyé: ìlú tó bá ń sọ Yorùbá, ti Yorùbá ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn kan tó ń kéde irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wọ ọgbà sẹkitéríàtì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn, àwọn agbófinró sì kó lára wọn. Ariwo ọjọ́ náà rọlẹ̀, àmọ́ àwòrán ilẹ̀ náà kò yí padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń pín àwòrán náà kò mọ̀ ni pé àwọn àgbà ti béèrè ìbéèrè yìí rí, tí kì í sì í ṣe lórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n béèrè rẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nínú àpótí ìdìbò, àti níwájú àwọn aṣèwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà kan rí, ó ku díẹ̀ kí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn di orílẹ̀-èdè etí òkun tó dá dúró. Nígbà kan náà, ó ku díẹ̀ kí Ìlọrin di apá kan Ẹkùn náà. Ìkankan nínú méjèèjì kò ṣẹlẹ̀. Ìdí tí kò fi ṣẹlẹ̀ sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi àwọ̀ kun ilẹ̀ lónìí.

Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ló sọ Ìlọrin di ìlú tí apá kò ká. Nígbà tó kẹ̀yìn sí Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1817, ó fa Ṣehu Àlímì, àfáà Fúlàní kan, mọ́ra, ó sì kó àwọn jagunjagun jọ láti onírúurú ìran, títí kan àwọn ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn tó kó jọ fi pa á. Abdulsalam, ọmọ Àlímì, di Ẹmir àkọ́kọ́, Ìlọrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Gwandu àti Ṣókótó. Láti ìgbà náà ni ìlú yìí ti jẹ́ ohun tí àwòrán aláwọ̀ kan kò lè fi hàn dáadáa. Ìran Fúlàní ló ń jọba. Balógun mẹ́rin ló ń pín agbára ogun àti ilẹ̀: Gàmbàrí jẹ́ ti àwọn Haúsá, Fúlàní ń jẹ́ orúkọ ìran rẹ̀, Ajíkòbí àti Àlánamú sì jẹ́ ti Yorùbá. Bẹ́ẹ̀, èdè Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń bá ọmọ wọn wí, òun ni wọ́n fi ń ná ọjà, òun náà sì ni àfáà fi ń túmọ̀ Kùránì fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé àwọn jagunjagun Ìlọrin búra pé àwọn yóò ti Kùránì bọ omi òkun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀tá wọn ló sọ ọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, nítorí pé ó ń dẹ́rù bani, ó sì ń so àwọn ìlú ìsàlẹ̀ pọ̀. Bó ti wù kó rí, ogun Ìbàdàn dá wọn padà l'Óṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìlọrin kò sì dé etí òkun mọ́ nípasẹ̀ idà. Àádọ́ta ọdún tó tẹ̀ lé e kún fún ibùdó ogun. Nígbà tí àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà Kírìjì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, Ìlọrin kò jáwọ́ nínú ìjà Ọ̀fà. Ọ̀fà sì ṣubú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 1893 ni Gilbert Carter, gómìnà Èkó, gòkè wá títí dé Ìlọrin, tí ibùdó Ìbàdàn àti ti Ìlọrin sì tú ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ Ìlọrin fi ń mú ọkàn àwọn ará Ọ̀fà àti Ìgbómìnà gbóná títí di òní kò gbọdọ̀ fo àwọn ọdún wọ̀nyí.

Carter kò kàn wá parí ìjà lásán. Èkó tí ó ń ṣàkóso ti wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, àwọn oníṣòwò Èkó sì fẹ́ kí ọ̀nà ilẹ̀ òkè là sílẹ̀ gbayawu, kí òwò má baà máa dúró de ogun. Lójú àwọn gómìnà Èkó, ibi tí èdè Yorùbá bá parí sí ló yẹ kí agbára Èkó parí sí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti wà lórí odò Ọya. Láti oṣù Keje ọdún 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Royal Niger Company láṣẹ láti máa ṣe ìjọba níbẹ̀, George Goldie tó ni ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà sì ka Ìlọrin mọ́ tirẹ̀. Faransé náà kò jìnnà. Ní 1888, aṣojú Faransé kan tó ń jẹ́ Viard bá àwọn Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn l'Abẹ́òkúta. Bí Paris bá ti dì í mú ni, ojú irin Èkó kì bá tí rí ọ̀nà gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n sì fa ìlà kan láti etí òkun lọ sókè. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Abẹ́òkúta àti gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1898 ni wọ́n parí ìyókù ìlà náà lọ sí ìhà Borgu.

Ó yẹ kí èèyàn dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni ẹ̀rí wa pé orílẹ̀-èdè olómìnira etí òkun tí Yorùbá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àlá lásán. Dahomey gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ó ṣáájú Nàìjíríà ní oṣù méjì, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin ní 1975. Ó ní èbúté tirẹ̀ ní Kútọnu, olú-ìlú rẹ̀ sì ni Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá Kétu ń kàwé ní èdè Faransé, ó ń san owó-orí fún ìjọba Kútọnu, ó sì ń kí ara rẹ̀ bí Yorùbá. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ bàbá-ńlá rẹ̀ kí wọ́n tó fa ìlà náà.

Wọn kò béèrè lọ́wọ́ Ìlọrin náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà ní oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ogun Goldie fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìlọrin, Ẹmir Sulaymanu sì tọwọ́ bọ̀wé. Torí pé ilé-iṣẹ́ orí odò ló ṣẹ́gun rẹ̀, tí kì í ṣe gómìnà Èkó, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900, ìhà Àríwá lábẹ́ Frederick Lugard ni Ìlọrin bọ́ sí. Ohun gbogbo tí àwọn òṣèlú ń jà lé lórí ní ọgọ́ta ọdún tó tẹ̀ lé e ti inú èyí jáde. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ro ìran, ẹ̀sìn tàbí èdè. Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ló ni ín, àwọn akọ̀wé sì wá àwíjàre lẹ́yìn náà.

Àwíjàre náà dùn ún gbọ́, ó sì ní òótọ́ nínú. Ìlọrin ní Ẹmir, ó ní ilé ẹjọ́ alíkálí, ó sì ti ń bá Gwandu ṣe láti ìran dé ìran. Ìlànà tí Lugard fi ń ṣèjọba nípasẹ̀ àwọn ọba bá a mu. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó kó àwọn tí Ìlọrin ti fi ogun jọba lé lórí mọ́ Ìlọrin. Ìgbómìnà pín sí méjì: Ìlá Ọ̀ràngún wà ní ìhà Gúúsù, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀rọ̀ àti Ṣàárẹ́ wà ní ìhà Àríwá. Ọ̀fà tí Ìlọrin fọ́ ní 1887 bá ara rẹ̀ lábẹ́ Ìlọrin lórí ìwé. Ọ̀tun, tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú Èkìtì, bọ́ sí Àríwá pẹ̀lú. Àwọn ará Ọ̀tun kò dákẹ́, ìjọba sì dá wọn padà sí Èkìtì ní 1936. Èyí fi hàn pé ìlà náà kì í ṣe àpáta. Ó ṣeé sún nígbà tí ohun tó wà lórí rẹ̀ bá kéré.

Ohun tó wà lórí ti Ìlọrin kò kéré. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ní 1916 ni afárá Jẹ́bà parí, tí ọkọ̀ ojú irin fi lè sọdá odò láìsí pé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀pà Kànó, òwú àti awọ ní láti gba Ìlọrin kọjá kí wọ́n tó rí òkun l'Ékòó. Ẹ̀ka ojú irin kejì wà tó gba Ìlà-Oòrùn lọ sí Port Harcourt, ṣùgbọ́n ti Èkó ló kọ́kọ́ wà. Ẹni tó bá gba Ìlọrin kúrò lọ́wọ́ Àríwá kò wulẹ̀ gba ìlú kan. Ó ti sún ààlà rẹ̀ dé orí afárá Jẹ́bà, odò Ọya sì di ibodè. Àwọn òṣèlú Yorùbá sábà máa ń jiyàn lórí Ìlọrin bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìran àti èdè nìkan ni. Àwọn òṣèlú Àríwá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni.

Ọdún 1953 ló mú èyí hàn gbangba. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro ti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Àríwá kọ̀. Àwọn èrò Èkó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, ìjà bẹ́ ní Kànó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn olórí Àríwá gbé àbá ẹlẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ kalẹ̀, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìyapa. Ahmadu Bello, Sàdáúná Ṣókótó, kọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1962 pé àwọn ro ìyapa náà dáadáa. Ohun méjì ló dá wọn dúró: owó oníbodè tí yóò ṣòro láti gbà lórí ààlà gígùn, àti ọ̀nà òkun tí yóò máa gba ilẹ̀ ẹlẹ́ni kọjá. Lọ́rọ̀ kan, òkun ló mú Àríwá dúró sínú Nàìjíríà.

Lọ́dún yẹn kan náà, òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ mú Ìwọ̀-Oòrùn jáde. Níbi àpérò Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Inú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kò dùn rárá, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ìyapa ní gbangba. Oliver Lyttelton, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ fún wọn pé ìjọba òun yóò ka irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìlò agbára. Nígbà tí àpérò náà tún jókòó l'Ékòó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ìyapa sínú òfin. Wọn kò gbà fún wọn. Ìtàn Nàìjíríà ìbá yàtọ̀ púpọ̀ ká ní wọ́n gbà, nítorí pé lásìkò yẹn owó kòkó wà lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, èbúté wà nítòsí rẹ̀, kò sì tíì sí epo rọ̀bì tí ẹnikẹ́ni ń tà.

Ìlọrin wá di apá kejì ẹjọ́ kan náà. Bí Èkó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn nísàlẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tẹ̀ síwájú láti béèrè fún Ìlọrin àti Kàbà lókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ ló dá rúkèrúdò sílẹ̀ nínú ìlú Ìlọrin. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló dá Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ sílẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ITP. Tálákà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àti Haúsá jọ ń lò, ó sì bá ìlú náà mu. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kò ju ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ lọ: owó-orí, ilé ẹjọ́, àwọn ajẹ́lẹ̀ agbègbè tó ń ti ààfin wá, àti oyè tí kì í kúrò nínú ìdílé kan náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ NPC tó ń ṣèjọba Àríwá wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́, wọ́n fọwọ́ so pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. J.S. Ọláwóyin ti Ọ̀fà ni gbajúgbajà Ọlọ́pẹ ní agbègbè náà. Láàárín 1956 sí 1957, àjọṣe yìí borí nínú ìdìbò, ó sì gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin mọ́ àwọn olóyè lọ́wọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nínú ìlú tó ní Ẹmir ló ṣẹlẹ̀ yìí. Àwọn ahunṣọ àti oníṣòwò kéékèèké jókòó sórí àga tí ìdílé Balógun ń jókòó lé.

Kò pẹ́. Ìjọba Àríwá ní ìgbìmọ̀ náà kò ṣe dáadáa, ó sì tú u ká ní 1958. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìgbìmọ̀ ITP kò ṣàṣìṣe. Àwọn tí kò tíì ṣèjọba rí kì í ṣe é láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé wọn ì bá tú u ká bẹ́ẹ̀ kíákíá ká ní kò bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe.

Nínú gbogbo èyí ni ìgbìmọ̀ Henry Willink dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn án ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 láti gbọ́ ẹ̀rù àwọn ìran kéékèèké kí òmìnira tó dé, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní oṣù Keje ọdún 1958. Àwọn tó fẹ́ kí Ìlọrin àti Kàbà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn sọ tiwọn. Àwọn tó fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà sọ tiwọn. Ìgbìmọ̀ náà kò dábàá ẹkùn tuntun kankan, ìlà náà sì wà níbi tó wà títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960.

Kí ni ìlú náà pàdánù? Ìdáhùn tó rọrùn jù wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n bí sí Ìlá wọlé láìsan owó. Ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni Ìlá yẹn, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìjọba Kàdúná. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ọdún mọ́kànlélógún ló wà láàárín ọmọ méjì náà. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ààlà jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn olóyè àti olóṣèlú nìkan kò ka èyí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin pa òdìkejì rẹ̀. Ká ní Ìlọrin ti bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn ní 1958, kò sí àní-àní pé inú wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn ni yóò bọ́ sí: ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, òfin pàjáwìrì oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àti wẹ́ẹ̀tì-ẹ̀ ọdún 1965 tí wọ́n ń dáná sun èèyàn àti ilé. Ìlú tí Balógun mẹ́rin ti ń ṣọ́ ara wọn láti ọgọ́rùn-ún ọdún kò nílò epo bẹntiróòlù láti òde. Bákan náà ni ó yẹ kí a bi í bóyá ohun tí àwọn olùdìbò ITP fẹ́ gan-an ni pé kí Ìlọrin kó lọ. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí ilé ẹjọ́ ṣe òdodo, kí owó-orí má sì pa wọ́n. Ṣé Ìbàdàn ni yóò fún wọn ní èyí tàbí Kàdúná, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sìn wọn. Ẹ̀rù Ìbàdàn sì ṣì wà nínú ìtàn tí bàbá ń sọ fún ọmọ n'Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rù Ìlọrin ṣe wà l'Ọ́fà.

Ohun tó burú jù nínú ìtàn náà ni pé wọn kò dìbò lórí rẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1963, wọ́n bi àwọn ará Benin àti Delta bóyá wọ́n fẹ́ kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sì dúró ní oṣù Kẹjọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní Àríwá àti Ìlà-Oòrùn fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, nítorí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gé. Kò sí ẹni tó gbé irú àpótí ìdìbò bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Kàbà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, orílẹ̀-èdè etí òkun tún yọjú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Awólọ́wọ̀ sọ fún àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn pé bí wọ́n bá fi ìwà tàbí àìbìkítà jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn lọ, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà yóò lọ. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Wọ́n sábà máa ń ka ìpín náà sí ohun tí Gowon fi fọ́ agbára Ojukwu, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí èèyàn wo ohun tó ṣe sí ìhà ibí. Ìkẹjà, Badagry àti Ẹ̀pẹ́ kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ Èkó, Èkó sì di ìpínlẹ̀. Díẹ̀ ló kù nínú etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn, ní ẹkùn omi Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí kò sí èbúté ńlá. Lókè, Ìlọrin àti Kàbà kúrò lára Àríwá, wọ́n di ìpínlẹ̀ tiwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní West Central, kí ó tó di Kwara. Ìwé kan ṣoṣo ló yanjú ẹjọ́ Èkó àti ẹjọ́ Ìlọrin lọ́jọ́ kan náà: Awólọ́wọ̀ kò rí ìkankan gbà, Àríwá náà kò sì rí Ìlọrin dì mú.

Orílẹ̀-èdè olómìnira kan sì wáyé létí òkun lọ́dún náà, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra lábẹ́ Victor Banjo, tó jẹ́ Yorùbá, wọ Benin, wọ́n sì dé Ọrẹ̀. Nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, Albert Okonkwo kéde Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ ìlú, ó sì parí. Ní ọjọ́ 22, Biafra yìnbọn pa Banjo fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Kò sí àsíá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń gbé kiri lónìí.

Nípa Kwara, ọ̀nà tirẹ̀ kò tọ́ gbọọrọ láti ìgbà náà. David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán, ni gómìnà ológun rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Ìgbómìnà ń ṣàkóso láti Ìlọrin, ohun tí bàbá rẹ̀ kò ní lè fojú inú wò. Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ní 1983, Ṣọlá Sàràkí, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣe ẹgbẹ́ NPN, kọ̀yìn sí gómìnà ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó sì ran Cornelius Adébáyọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN lọ́wọ́ láti wọlé. Bí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ṣe gba Ìlọrin níkẹyìn nìyẹn, nípasẹ̀ ìjà abẹ́lé àwọn ọmọ Ìlọrin fúnra wọn. Oṣù mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀, kí àwọn ológun tó gba ìjọba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, wọ́n yọ Kàbà lọ sí Ìpínlẹ̀ Kogi tuntun, wọ́n sì yọ apá kan Borgu lọ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹjọ́ tí Ìlọrin àti Kàbà jọ gbé lọ síwájú Willink kò ní olùpẹ̀jọ́ kan ṣoṣo mọ́.

Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ lóde òní máa ń fa ìlà òkè wọn gba Jẹ́bà kọjá. Ibẹ̀ náà ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní lọ́kàn ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlú kékeré yìí ni ìdídò Jẹ́bà tó ń pèsè iná mànàmáná láti ọdún 1985 wà, ó sì gba omi rẹ̀ láti Kainji lókè, tí wọ́n ṣí ní ìparí àwọn ọdún 1960. Afárá 1916 wà níbẹ̀. Ìhà gúúsù afárá jẹ́ ti Kwara, ìhà àríwá jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Niger. Awakọ̀ akẹ́rù tó ń gbé àlùbọ́sà bọ̀ láti òkè kọjá níbẹ̀ lọ sí Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn, títí dé Èkó, kò sì sí oníbodè kan tó ní kó mú ìwé ìrìnnà jáde. Nínú gbogbo àwòrán aláwọ̀ kan tó ń lọ káàkiri, kò tíì sí èyí tó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ohun tí awakọ̀ náà yóò san, ẹni tí yóò gbà á, àti ìgbà tí wọn yóò gbé àpótí ìdìbò wá bi àwọn ará Gàmbàrí, Ajíkòbí, Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́-Ìpo ní ìbéèrè tí wọn kò bi wọ́n ní 1897, ní 1900, tàbí ní 1958.